Omi Tó Ń Dáhùn

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Bó bá ń ké, tí kò gba ìpẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà ti gbé e sínú bàsíà omi, ẹkún tán nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ará ilé gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́ gan-an. Ìyá rẹ̀ di Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, bàbá rẹ̀ di Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo wọn sì ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méje, ẹ̀rín náà ti gbẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ gidi mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ tirẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Aránṣọ ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Yàrá iwájú ló fi ṣe ibi iṣẹ́: tábìlì ìgéṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ àwọn oníbàárà tó so rọ̀ lórí okùn bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ni Pẹ́pẹ́yẹ máa ń jókòó sí, tí á fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin ẹsẹ̀ tábìlì, tí á máa gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, ó sì lè pẹ́ kó tó padà wálé. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ìyá àti ọmọ nìkan ni.

Dókítà tó yẹ ọmọ náà wò sọ fún wọn pé ọ́tísíìmù ni. Ó ní kì í ṣe àrùn tí èèyàn ń lo oògùn sí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ayé ṣe ń wọ etí àti ojú ọmọ náà ni kò rí bó ṣe ń wọ tiwa. Ìyá rẹ̀ ti mọ ìyẹn kó tó mọ̀ pé ó ní orúkọ. Ó mọ̀ pé tí ọmọrí ìkòkò bá já bọ́ nílé ìdáná, ọjọ́ ti bàjẹ́, torí ọmọ á fi ọwọ́ bo etí, á sì máa fi orí gbá ògiri. Ó mọ̀ pé àmì tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò, kí ojú ìránṣọ ibẹ̀ sì kúnná. Inú abọ́ aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni Pẹ́pẹ́yẹ ti ń jẹun. Nígbà tí abọ́ náà fọ́, kò fi nǹkan kan kan ẹnu títí bàbá rẹ̀ fi rí irú rẹ̀ rà ní ìlú tó gbẹ́rù lọ. Gbogbo nǹkan ilé ló ní ibi tó gbọ́dọ̀ wà: bàtà, àlùmọ́gàjí, àpótí ìjókòó. Ẹni tó bá sún àpótí síwájú díẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ á dìde, á sún un padà, á sì lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń sọ. Bí ìyá rẹ̀ bá ní, "Ṣé o máa mumi?" òun náà á ní, "Ṣé o máa mumi?" pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ìgbà tí rédíò bá ń sọ ọ́. Nígbà míì, ohun tí oníbàárà kan sọ lánàá ni á jáde lẹ́nu rẹ̀ lónìí, tòun ti ikọ́ tí oníbàárà náà wú.

Àwọn oníbàárà ní ìmọ̀ràn bí wọ́n ṣe ní aṣọ.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ máa fi pàṣán kàn án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ń kẹ́ ẹ jù."

"Tí mo bá nà án, kí ló máa kọ́ níbẹ̀, mà?"

"Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn tí wọ́n bá pè é."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ á kàn tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, kí ariwo ẹ̀rọ lè bo ìyókù ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà jáde lọ, oníbàárà kan ló wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, tí kò sì ti ilẹ̀kùn dáadáa. Kí ìyá tó fi abẹ́rẹ́ há etí aṣọ náà tán, abẹ́ tábìlì ti ṣófo. Ó sáré bọ́ síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pè é títí. Ọmọ tí wọ́n ń pè nínú yàrá kan náà tí kì í dáhùn, báwo ló ṣe máa dáhùn ní títì? Ọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ ní ìkóríta ló fà á lọ́wọ́ wá.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Afọkọ̀ ní. "Ibi tí omi ti ń ṣàn sí gọ́tà ló lóṣòó sí. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣebí omi ò lọ́tàá."

Ìgbà kejì kò mú ẹ̀rín wá. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé lókè wọn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń fi ọ̀sán sùn. Ó jí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nítorí pé omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá rẹ̀. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ tòun taṣọ, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, omi bo etí rẹ̀, ẹ̀rọ omi ṣì ń ya.

"Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti kú ni," Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá ọmọ, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé ọmọ náà ń sùn. "Iṣẹ́ mi mú mi rí òkú, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ èyí bà mí lẹ́rù. Ó ń wòkè, kò ṣẹ́jú. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó wà lójú rẹ̀, mi ò rí i lójú ọmọdé rí."

"Ó fẹ́ràn omi púpọ̀ ni, mà. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá."

"Omi ò lọ́tàá lóòótọ́," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Kò lọ́rẹ̀ẹ́ náà. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ilẹ̀kùn yín."

Nígbà tí Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ dé, ó kan irin ìdábùú kan mọ́ òkè ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ní láti nawọ́ kó tó dé. Ó tì í síwá, ó tì í sẹ́yìn, kó lè mọ̀ bóyá ó ń lọ geere.

"Kò lè débí," ó ní.

Ìyá kò wo irin náà. Ọmọ ló ń wò. Pẹ́pẹ́yẹ dúró láàárín yàrá, ó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ń bá irin náà lọ, ó ń bá a bọ̀. Kò ké, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ rẹ̀ tún máa gbéra, kò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wúwo nídìí ọkọ̀.

Ó lọ bẹ Bàbá Onílé pé kó jọ̀ọ́, kó máa fi àgádágodo ti géètì ìta. Bàbá Onílé gbà, ó tì í fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó ṣí i sílẹ̀.

"Àwọn ayálégbé tó kù ń ráhùn," ó ní. "Tí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé, ibo ni wọ́n máa gbà jáde? Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, mo bá yín kẹ́dùn o, àmọ́ ilé mi kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n."

Ohun tó sọ mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló sì mú kí ó dùn ún. Kò rí ẹni bá jà.

Ohun míì tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pẹ́pẹ́yẹ kì í sùn lóru. Ó lè máa rìn yí yàrá ká títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ìyá rẹ̀ máa bá a yí i ká. Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, òun náà máa ń sùn díẹ̀, ìrọ̀rí lẹ́bàá ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn ní títì, irin lókè. Oorun náà máa ń wúwo bí òkúta.

Ọjọ́ kan tó ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ láti wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan etí aṣọ náà, ó tutù. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan, tó ń yọ̀, lẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń hù sára tánkì tí omi ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ó gbé aṣọ náà sí imú. Ó ń rùn bí irin tó ti dógùn-ún. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó rí i lábẹ́ èékánná rẹ̀ náà.

Ó yíjú wo ilẹ̀kùn. Irin ìdábùú wà ní títì láti inú, bó ṣe tì í fúnra rẹ̀. Àpótí ìjókòó wà ní ààyè rẹ̀. Bàtà ọmọ wà lẹ́bàá ògiri, ọ̀kan ti èkejì gbọọrọ.

Ìgbà náà ló yé e. Ọmọ tí kò lè fara da àpótí tó wà ní ibi tí kò yẹ kó wà, tó bá fi àpótí gun ilẹ̀kùn jáde, á dá a padà. Tó bá sì wọlé, á tún irin tì, torí pé títì ló bá a. Kò mọ̀ pé òun ń bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ó kàn ń fi gbogbo nǹkan sí àyè wọn ni. Mélòó ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó ti rìn? Omi wo ló sì ń lọ bá?

"Níbo lo lọ?" ó bi í.

"Níbo lo lọ?" Pẹ́pẹ́yẹ ní.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dùbúlẹ̀, ó dijú, ó ń mí bí ẹni tó sùn. Kò pẹ́, ó gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí, ó gbọ́ irin tó ń yọ̀ jẹ́jẹ́, ó gbọ́ àpótí tó ń padà sí ààyè rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì padà pa dé. Ó lè dìde dá a dúró. Ṣùgbọ́n tó bá dá a dúró lónìí láìmọ ibẹ̀, ọjọ́ tí oorun bá gbé e lọ ńkọ́? Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé e.

Òjò ti ṣú. Ojú títì dá. Pẹ́pẹ́yẹ ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, kò wo ẹ̀yìn, ó ń fi ìka kan ògiri ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Ó kọjá lọ́dọ̀ Afọkọ̀, kò tilẹ̀ wo omi ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ sẹ́nu sí Afọkọ̀ pé kó má sọ̀rọ̀. Wọ́n yà sí ẹ̀yìn òpópónà, níbi tí ilé iṣẹ́ yìnyín kan wà tó ti kógbá sílé tipẹ́. Ògiri rẹ̀ ya níbì kan, kò fẹ̀ ju ara ọmọdé lọ. Pẹ́pẹ́yẹ gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni wọ yàrá rẹ̀. Kí ìyá tó fún ara rẹ̀ wọlé, èjìká aṣọ rẹ̀ ti ya.

Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ló bọ́ sí, páànù ni òrùlé rẹ̀, ó sì ṣókùnkùn. Láàárín ibẹ̀ ni tánkì abẹ́ ilẹ̀ kan wà tí kò ní ìdérí, oníkankéré, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Omi náà dúdú, kò mira. Èèyàn ò lè mọ ibi tí àtẹ̀gùn náà parí sí. Pẹ́pẹ́yẹ ti wà lórí àtẹ̀gùn, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ la ẹnu láti kígbe, ó sì pa á dé. Ó mọ ohun tí igbe máa ṣe. Ọmọ á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, á fò, ibi tó dúró sí sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Òun alára kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú. Ó sọ̀rọ̀ sínú tánkì.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní.

Ohùn rẹ̀ kọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn tó wà nínú rẹ̀, ohùn tó ń lò tó bá rò pé òun nìkan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Rẹ̀ mí," omi dáhùn.

Gbohùngbohùn náà lọ yí ògiri tánkì ká, ó padà wá bó ṣe lọ, kò yí nǹkan kan padà. Pẹ́pẹ́yẹ fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ayọ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìtẹ̀ tó kàn, kó lè sún mọ́ ẹni tó ń dá a lóhùn. Omi dé orúnkún.

"Ta ló máa dì í lọ́wọ́ mú tí mi ò bá sí mọ́?" ó bi omi.

"Sí mọ́," omi ní.

Ìyá rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà, tirẹ̀ ni. Kò tíì sọ gbólóhùn yẹn sétí ẹnikẹ́ni rí, kò sọ ọ́ sétí ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó ti rò pé abẹ́rẹ́ nìkan ló gbọ́ ọ. Ààrá kùn lókèèrè. Ó gbójú wo òrùlé páànù, ó sì mọ̀ pé àyè òun ò pọ̀ mọ́, torí pé tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù yìí, ariwo rẹ̀ á ju ohun tí etí ọmọ náà lè gbà lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ tún gbé ẹsẹ̀ kan. Omi dé itan.

"Ó ti rẹ̀ mí," ọmọ náà ní.

Kí omi tó dáhùn, ìyá rẹ̀ dáhùn láti òkè àtẹ̀gùn, jẹ́jẹ́, ní ohùn kan náà gẹ́lẹ́: "Ó ti rẹ̀ mí."

Pẹ́pẹ́yẹ kò gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn náà ti ibòmíì wá.

"Ta ló máa dì í lọ́wọ́ mú?" ọmọ ní.

"Ta ló máa dì í lọ́wọ́ mú?" ìyá ní, ó sì fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn díẹ̀, kí ohùn náà lè jìnnà sí omi.

Ọmọ náà yípadà. Kò wo ojú ìyá rẹ̀. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ibi tí ohùn ti ń wá ló ń wò. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè sí ìtẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà yọ̀, ó di ògiri mú, ó dúró. Ìyá rẹ̀ kò gbéra. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ sáré, ó sì fi eyín mú ètè rẹ̀ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Ṣé o máa mumi?" Pẹ́pẹ́yẹ ní.

"Ṣé o máa mumi?"

"Ilẹ̀ ti mọ́."

"Ilẹ̀ ti mọ́."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, ọmọ ń sọ, ìyá ń gbè é, gbólóhùn kan, ìtẹ̀ kan, títí omi fi padà sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí páànù bí òkúta. Ìkejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dà lu òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́pẹ́yẹ fi ọwọ́ bo etí, ó fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ̀ fò síwájú, ó fi àyà lulẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ọrùn aṣọ ọmọ. Ó fà á. Aṣọ náà kò ya. Ó fà á gòkè, ó fi gbogbo ara bò ó mọ́lẹ̀ lórí kankéré, ó fi àyà rẹ̀ dí etí rẹ̀ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí èkejì. Ọmọ náà ń ké, ó ń gé e jẹ, ó sì jẹ́ kó gé òun jẹ títí òjò fi dá.

Afọkọ̀ ló bá wọn níbẹ̀. Ó ti rí i pé wọ́n pẹ́, ó sì wá wọn dé ibi tí ògiri ya.

Bàbá Onílé gbọ́, ó sì wá jókòó sórí àpótí ní yàrá aránṣọ. Kò pẹ́ tí òun àti Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ fi lọ bá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n jó irin pẹlẹbẹ bo ẹnu tánkì, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù dí ibi tí ògiri ya. Bàbá Onílé fúnra rẹ̀ so agogo kékeré kan mọ́ géètì, kò sì jẹ́ kó dún kíkan jù.

Wọ́n rò pé ó ti parí. Pẹ́pẹ́yẹ lọ síbẹ̀, ìyá rẹ̀ mú un dání, ó bá ògiri tuntun. Ó fi ìka kàn án. Láti ọjọ́ náà, ẹkún tó ké nínú ilé yẹn pọ̀ débi pé àwọn ayálégbé tó ń ráhùn tẹ́lẹ̀ gan-an wá ń gbé ife tíì wá fún ìyá rẹ̀. Kò jẹun. Ó ń bi ògiri pé, "Ó ti rẹ̀ mí?" Ìyá rẹ̀ á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà míì, ìyẹn ò tó fún un.

"Ọkàn mi ò balẹ̀," ìyá sọ fún Nọ́ọ̀sì lórí àtẹ̀gùn ilé. "Ó ti dákẹ́ láti àná. Ẹkún rẹ̀ sàn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí lọ."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń tẹ́tí."

Lóòótọ́, ó ń tẹ́tí. Ó máa ń dìde lábẹ́ tábìlì, á lọ dúró níbi fèrèsé, á kọ ojú sí apá kan ìlú tí kò sí ẹni wọn níbẹ̀, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá rẹ̀ á pa ẹ̀rọ, á dúró tì í, á tẹ́tí tirẹ̀ náà. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ ti dáwọ́ oorun ọ̀sán dúró. Tí oúnjẹ bá ti tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí irin ìdábùú, yóò di ọmọ lọ́wọ́ mú, yóò sì jẹ́ kí ọmọ náà mú un lọ. Ó ti wá mọ gbogbo gọ́tà tó jìn ní àdúgbò, gbogbo kànga tí ìdérí rẹ̀ ti jẹrà, gbogbo ihò tí àwọn kọ́lékọ́lé gbẹ́ sílẹ̀ tí òjò sì kún. Ó ti lọ bá àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti bẹ̀ wọ́n, ó ti bá òmíràn jà.

Ní àárọ̀ òní, kí ìyá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Pẹ́pẹ́yẹ wá dì í lọ́wọ́ mú fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó fà á jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, kò yà sí ibi kankan nínú àwọn tí wọ́n ti mọ̀. Ọ̀nà kan tí ìyá rẹ̀ kò gbà rí ló kọjú sí, ó sì ń yára.

"Ó kù díẹ̀," ọmọ náà ń sọ, ní ohùn ẹnì kan tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀. "Ó kù díẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì mọ omi tí wọ́n ń lọ bá, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ náà mú ṣinṣin, ó sì tẹ̀ lé e, kí ọmọ má baà dá nìkan débẹ̀.